Igbó, Oko àti Odò Nínú Ìtàn Àròsọ Wa: Ohun Tí Ọmọ Agége Rí àti Ohun Tí Kò Rí

Ìfáárà

Bí a bá ní kí a ka àwọn ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò lórí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá, èyí tí ó dá lórí ibùdó ìtàn kò ní gbẹ́yìn. A ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí òǹkọ̀wé fi ibẹ̀ ṣe. Lójú ẹni tí kò kọ́ni rí, ìbéèrè yìí rọrùn bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége, mo ti rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti máa ń yẹ̀, pàápàá bí ibùdó ìtàn náà bá jẹ́ igbó.

Ní sáà kan, mo kọ ọ̀rọ̀ náà "igbó" sí ojú pátákó, mo sì ní kí kíláàsì sọ ohun tí ó wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí rẹ̀: lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò wa, igbó tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí a ń ti iná bọ̀, tí a ń fa èéfín rẹ̀, tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ mú ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ tirẹ̀ báyìí pé: ibi tí àwọn ènìyàn ń da ilẹ̀ sí ni igbó. Mo fi bírò pupa fa igi lé e lórí, mo sì kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́. Ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ní àdúgbò tiwọn, tí koríko ti bò, ibẹ̀ ni gbogbo ojúlé ń da pàǹtírí sí. Ohun tí ó rí ni ó kọ. Èmi tí mo fún un ní òdo ni n kò tíì kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín igbó tí ó ń rí lójoojúmọ́ àti igbó tí Fágúnwà kọ sínú ìwé. Èyí ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. Mo fẹ́ gbé ìrìn inú igbó, inú oko àti àfonífojì odò yẹ̀ wò bí ó ti rí nínú lítíréṣọ̀ wa. Mo fẹ́ tọ́ka sí àṣìṣe kan tí àwa olùkọ́ ń ṣe nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní apá yìí. Mo sì fẹ́ sọ bí ọmọ tí a bí sí àárín ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà àti Agége ṣe lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà àti àwọn ẹbí rẹ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ̀ pé "igbó" kò dá dúró nínú èdè Yorùbá. Ó ní ẹbí. Ẹgàn ni igbó tí a kò tíì fi àdá kàn rí, tí igi rẹ̀ ga, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí àwọn igi ibẹ̀ jìnnà síra. Ijù àti aginjù ni ibi tí ènìyàn kì í gbé, tí ó jìnnà sí ilé àti sí oko. Oko ni ilẹ̀ tí a ti ṣán, tí a ti ro, tí a sì ti gbin nǹkan sí. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́rinrin létí odò, tí a ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ òkè ti gbẹ. Bèbè ni etí odò níbi tí ilẹ̀ ti pin; àfonífojì ni ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ láàárín òkè méjì, tí odò sábà máa ń gbà kọjá.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kò lè mọ̀ pé bí ẹ̀dá-ìtàn bá ti kúrò ní oko tí ó wọ ẹgàn, ó ti kọjá ààlà kan. Oko ni ibi tí ọwọ́ ènìyàn dé. Ẹgàn ni ibi tí àwọn mìíràn ti ń jẹ ọba. Àwọn òǹkọ̀wé wa kì í dúró ṣàlàyé ààlà yìí, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé fún ti mọ̀ ọ́n láti ilé wá. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko rí kò lè wọ́pọ̀. Ọmọ tí ń kà á lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége lè pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láìrí ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti pínyà sí méjì lábẹ́ igi. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé kò ṣe nítorí pé kò pọn dandan nígbà náà ti wá di iṣẹ́ olùkọ́.

Ta ni ó ń rìn, kí ni ó sì ń wá?

Bí a bá fara balẹ̀ wo lítíréṣọ̀ wa, a ó rí i pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ó sábà máa ń rìn nínú igbó.

Èkíní ni ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wọ ibẹ̀: ọdẹ, àgbẹ̀, adẹ́mu, oníṣègùn tí ń já ewé, obìnrin tí ń ṣẹ́gi ìdáná. Ìjálá ni ilé-ìṣúra irú ìrìn yìí. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ ńlá tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní 1966, yóò rí i pé ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ igbó bí ẹni tí ó dúró lókèèrè tí ó ń wò ó. Àwọn tí ń gbé inú igbó ni ó ń kí. Ó ń ki erin, ó ń ki ẹfọ̀n, ó ń ki ẹkùn. Àní ó ń ki igi àti ohun ọ̀gbìn pàápàá. Oríkì wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ní etí: bí ẹranko ti ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, ìgbà tí ó léwu, ohun tí ẹran ara rẹ̀ wúlò fún. Ẹwà pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹwà tí ó ti inú ìmọ̀ wá ni.

Èkejì ni ẹni tí a rán níṣẹ́. Akàrà-ògùn ni àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Ó ti kọ́kọ́ dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lọ ṣọdẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Lángbòdó, kò dá lọ mọ́. Kàkó bá a lọ, ẹni tí a mọ̀ mọ́ kùmọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀dòye bá a lọ, ẹni tí ọgbọ́n ń bẹ lórí rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ bá a lọ, tí orin dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀fọ́ìyẹ tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé bá a lọ. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko náà bá a lọ. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ láti há orúkọ wọ̀nyí sórí nítorí ìdánwò, a kì í sì í bi wọ́n léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ irú àwọn wọ̀nyí ni òǹkọ̀wé ṣà jọ. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: agbára, ọgbọ́n, orin, ojú tí ó gún, etí tí ó gbọ́ ohun tí ẹranko ń wí. Ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè la ẹgàn já ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn. Kí ni wọ́n sì bá lọ́hùn-ún? Ẹ̀kọ́ ni. Ìrágbèje kó wọn wọ ilé rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn. Nítorí náà, ìrìn yìí jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ìyà tàbí òṣì lé kúrò nílé. Irú rẹ̀ ni akọni inú Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961. Irú rẹ̀ náà ni Kúyẹ̀ tí J. F. Ọdúnjọ kọ ìwé rẹ̀ ní 1964, ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀, tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Fún irú ènìyàn báyìí, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù ni ó di ibi ìsádi.

Òṣìṣẹ́, ẹni à rán níṣẹ́, ẹni tí ń sá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó wọ igbó nítorí pé ó fẹ́ wo ewé.

Àṣìṣe tí àwa olùkọ́ ń ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ́ lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ti Yorùbá. A kà nípa William Wordsworth, ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè àti etí omi ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Coleridge gbé ìwé ewì jáde ní 1798. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ pé ẹni tí ń rìn nínú igbó ń wá ẹwà ìṣẹ̀dá àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí a bá wá dé orí Fágúnwà, a ó gbé ojú kan náà wò ó.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Fún bí ọdún márùn-ún ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó pé Fágúnwà lo igbó láti fi ẹwà ìṣẹ̀dá hàn nínú Ògbójú Ọdẹ. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n sì gbé e lọ sínú yàrá ìdánwò. Ní ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin kan ṣí ìwé lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìwé wo ni ó wà?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n padà fún un lésì. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò sì rí ibi tí ìtàn ti dúró jẹ́ẹ́ kí akọni lè máa wo igbó fún ìgbádùn ojú lásán.

N kò wí pé kò sí àpèjúwe. Ó wà. Ìwé náà gan-an fi òwúrọ̀ dáadáa kan bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tí ń sọ̀tàn jókòó jẹ́ẹ́ tí ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀ lé e: àgbàlagbà kan dé, ó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Òwúrọ̀ tí ó dára náà kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí jálẹ̀ ìwé náà: ilẹ̀kùn ni àpèjúwe jẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Bí òkùnkùn bá ṣú, ẹnì kan ń bọ̀. Bí ibì kan bá dákẹ́ jù, ó yẹ kí ọkàn òǹkàwé má balẹ̀. Òǹkàwé tí ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí ó ń yìn ín kò ní mọ ẹni tí ó wọlé.

Kì í ṣe pé èdè wa kò mọ ìrìn ìgbádùn. A ní nasẹ̀, a ní najú, a ní gbatẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a ti ń lò wọ́n: ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, láàárín ìlú, ní ojú ọ̀nà tí ó là. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ najú nínú ẹgàn. Ìdí rẹ̀ ni pé a gbà pé igbó ní àwọn tí ó ni ín. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005: igi àti odò ibẹ̀ dára láti wò, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni àwọn tí ó ni ibẹ̀ gbà pé a lọ. Ìbẹ̀wò ni ìrìn náà.

Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ìrìn ìgbádùn ṣe ogún láti ọ̀run wá. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gba ìlú tán, tí èéfín bo ojú ọ̀run, ni ìfẹ́ láti lọ rìn ní ìgbèríko di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ rìn gun òkè Kinder Scout, ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ti há mọ́ nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ní 1949 ni òfin jáde tí ó fi ìdí ọgbà ìṣẹ̀dá ìjọba múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí ó sì ṣí ọ̀nà díẹ̀ fún arìnrìn-ẹsẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Agége súnmọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ju bí ó ti súnmọ́ Wordsworth lọ.

Agége gẹ́gẹ́ bí ìwé

Bí ọmọ kò bá lè dé ẹgàn, ǹjẹ́ kò sí ohun kan ní ìtòsí rẹ̀ tí ó lè fi kà nípa ẹgàn? Ó wà. Orúkọ àwọn àdúgbò wa ni.

Ọmọ tí ó ń gbé Ìdí-Mángòrò ń gbé abẹ́ igi kan, bí kò tilẹ̀ rí igi náà. Oko-Ọba ṣì ń jẹ́ oko, bẹ́ẹ̀ ilé ni ó kún ibẹ̀. Orúkọ Onígbòǹgbò ń rán wa létí gbòǹgbò igi. Òkè-Odò ń sọ fún wa pé odò kan wà tí a gbọ́dọ̀ là kọjá. Ní ti Dọ̀pẹ̀mú, àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ máa ń yọ̀ nígbà òjò, tí ẹni tí ń kọjá fi gbọ́dọ̀ di ọ̀pẹ mú kí ó má baà ṣubú. Bí ìtàn yìí bá rí bẹ́ẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ kan ni wọ́n sọ di orúkọ ìlú. Lójoojúmọ́ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké orúkọ wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fetí sí ohun tí ó ń wí.

Ìtàn tí a kọ sílẹ̀ jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà ojú irin tí ó ti Èkó lọ dé Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901, Agége di ojúkò oko kòkó àti oko obì. Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńlá ní Ìfàkò, ní 1907 sì ni àwọn olóko ńlá Agége dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1910 ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò lọ fún àwọn ará Èkó. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Láti orí ẹgàn dé orí oko, láti orí oko dé orí ilé-iṣẹ́, kò ju nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lọ.

Orúkọ kan wà tí ó dùn mí ju gbogbo wọn lọ. Odò Ìyá Aláró ni, tí ó ń ṣàn gba ìhà Òjòtá lọ sínú ọ̀sà. Aláró ni obìnrin tí ń pa aṣọ láró. Orúkọ odò náà ń sọ fún wa pé obìnrin kan ti ṣiṣẹ́ aró níbẹ̀ rí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ náà wọ inú odò yìí. Ọmọ tí ó bá lè sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aró ìyá náà àti ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́, bí kò tilẹ̀ tíì ṣí ìwé kankan.

Ìrìn tí a rìn

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí àwọn òbí ti fọwọ́ sí i, èmi àti olùkọ́bìnrin kan kó ọmọ mẹ́tàlélógún jáde, a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Ìjú, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí odò. Mo sọ fún wọn pé a ń lọ wo ibùdó ìtàn. A kò rí ẹgàn kankan, kí n má purọ́. Ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ìbá gbé wa dé abẹ́ igi, ògiri gíga kan ni a bá níbẹ̀, olùṣọ́ kan sì ní kí a padà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ògiri náà, a gba inú àkùrọ̀ kan kọjá. Bàbá kan tí ó ní ará Òkè-Ògùn ni òun ń bomi rin ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Àwọn ọmọ dúró, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Bàbá náà béèrè pé, "Kí ni ẹ wá ṣe, ẹ̀yin ọmọ mi?" Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "A wá wò ni, sà." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wá wo kí ni?"

Ìdákẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn, bóyá ẹ̀rù ni ó bà á, la ẹnu tí ó sì wí pé, "Àroko-bọ́dún-dé o!" Bàbá náà gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó nà ró, ó sì fi ohùn gíga dáhùn pé, "Àṣẹ!" Mo ti kọ ìkíni yìí sójú pátákó lábẹ́ àṣà ìkíni ní ọdọọdún. Gbogbo wọn ni ó há a sórí. Ó hàn lójú wọn pé kò sí èyí tí ó mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tí yóò dáhùn. Láti ìgbà náà lọ ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: èyí ni gbúre, èyí ni ṣọkọ, ibí yìí ni omi ń dé nígbà òjò, ẹ má ṣe tẹ ebè. Ó ní kí wọ́n bá òun fa koríko díẹ̀, wọ́n sì fà á. Ìgbà tí wọ́n kí i tí wọ́n sì bá a ṣiṣẹ́ ni ilẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní orúkọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìrìn náà. Ọmọbìnrin tí mo fún ní òdo kọ ojú ìwé kan àti àbọ̀. Ó ní ọ̀nà àkùrọ̀ náà tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti tò tẹ̀ lé ara wa. Ẹni tí ó wà níwájú nìkan ni ó rí ọ̀nà, àwọn yòókù ń wo ẹ̀yìn ara wọn ni, wọ́n sì ń gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń kọ́ni pé Akàrà-ògùn ni aṣáájú àwọn tí ó lọ sí Òkè Lángbòdó, n kò tíì ronú rí pé lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, ẹni tí ó wà níwájú ni ojú gbogbo àwọn yòókù. Òdo àkọ́kọ́ náà ṣì wà nínú ìwé máàkì mi. N kò pa á rẹ́, nítorí pé mo fẹ́ máa rántí ẹni tí ó ni ín gan-an.

Èrò àwọn tí ó ní kí a gbé ìwé igbó sílẹ̀

Nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ kan, ẹlẹgbẹ́ mi kan dìde, ó ní ó tó àkókò kí a dẹ́kun fífi ìwé igbó dá ọmọ Èkó lágara. Ó ní kí a fún wọn ní Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní 1969, tàbí Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó jáde ní 1974, nítorí pé ìlú ńlá ni ìtàn wọn ti ṣẹlẹ̀, ọmọ yóò sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ gbá a dànù. Òótọ́ ni pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìgboro nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ inú Àjà Ló Lẹrù. Ó ń tọpa ẹsẹ̀, ó ń lúgọ, ó ń fi ọgbọ́n dẹ pàkúté fún ẹni tí ó lágbára jù ú lọ. Ọdẹ ni, ìgboro ni ẹgàn tirẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ọdẹ inú ìjálá àti ọdẹ inú Fágúnwà yóò gbádùn eré sísá inú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí akọni náà ti ṣẹ̀ wá. Ẹ tún rántí Amos Tutuola, ẹni tí ìwé rẹ̀ tí ó kún fún igbó jáde ní 1952: òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ni. Igbó kì í ṣe òdìkejì ìlú ńlá nínú lítíréṣọ̀ wa. Ó jẹ́ ọ̀nà kan tí ará ìlú ńlá fi ń ronú nípa ewu àti ìrètí.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ìrìn kan wà tí n kò tíì rí nínú ìwé: ìrìn òṣìṣẹ́ tí ó jáde níbi iṣẹ́ òru ní ìdájí, tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin padà sílé, tí ó sì ń kọjá lábẹ́ igi tí kò sí mọ́ nínú orúkọ àdúgbò. Ẹni tí yóò kọ ọ́ lè wà nínú kíláàsì wa. Bí a bá gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí yóò fi kọ ọ́ ni a gbà.

Ìmọ̀ràn fún àwọn tí ń múra ìdánwò

Bí ìbéèrè bá dé lórí ibùdó ìtàn tí ó jẹ́ igbó, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà. Béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ara rẹ. Ta ni ó ń rìn: òṣìṣẹ́ ni, ẹni à rán níṣẹ́ ni, àbí ẹni tí ń sá? Ààlà wo ni ó kọjá: láti ilé sí oko, láti oko sí ẹgàn, àbí láti bèbè kan sí èkejì? Ta ni ó bá pàdé níbẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe kí ara wọn? Kí ni ó mọ̀ nígbà tí ó padà tí kò mọ̀ nígbà tí ó ń lọ?

Fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti inú ìwé ti ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ó bá wá kù ọ́ láti sọ̀rọ̀ ẹwà, sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o fi hàn iṣẹ́ tí ẹwà náà ń ṣe: ṣé ó ń tan akọni jẹ ni, ṣé ó ń fún un ní ìsinmi kí ìjà tó dé, àbí ó ń fi ipò ẹni tí ó ni ibẹ̀ hàn? Gbólóhùn kan ṣoṣo pé òǹkọ̀wé fi ẹwà ìṣẹ̀dá hàn, láìsí ẹ̀rí, kò lè mú máàkì wá. Èmi ni mo fi kọ́ àwọn kan bẹ́ẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé oko baba òun ni ó tóbi jù. Ní Agége lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò dé oko ẹnikẹ́ni rí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní àkùrọ̀ kan ní ìtòsí ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ó tó di ilé, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ìwé.